Ta Ló Ni Orí Tó Dàrú?

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú kì í dá ṣàìsàn. Àwọn tó bí i, ẹni tó fẹ́ ẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú agbo ilé kan náà ni ìbéèrè kọ́kọ́ ń bá: kí ló fà á, ta ló ṣe é, ta ni yóò gbé e lọ síbi ìwòsàn, owó ta ni wọn yóò sì ná? Òwe tó ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ti sọ ibi tí ìrora náà ń bọ́ sí. Èrò ọjà ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó bí i ń bojú. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ, ẹni tí ará Èkó mọ̀ sí ará wẹ́fíà, ló súnmọ́ àwọn ìbéèrè yìí jù lọ. Yàrá ìwòsàn ni dókítà ti ń rí aláìsàn. Ará wẹ́fíà a máa tẹ̀ lé e délé. Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá di olùkọ́ àti olùṣèwádìí ní yunifásítì, ó di dandan kó wá èsì sí ohun tó ti ń bá yí láti ọjọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́: ta ló ni orí tó dàrú? Ṣé ẹni tó gbé e lọ́rùn ni, àbí ilé tó ti jáde wá, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò?

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú méjì létí ọ̀sà ní apá ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, dára fún wíwo ìbéèrè náà, nítorí pé gbogbo ọ̀nà ìwòsàn tí Yorùbá mọ̀ ló pàdé níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí. Òun padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e ló bá a padà. Àwọn tó kù, tí wọ́n ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, àti àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ ti jọ ń gbé láti ìgbà náà, wàláà ààfáà kò sì jìnnà sí ọpọ́n babaláwo. Ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ṣì ń ṣe Mágbó, Elúkú àti Orò, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kún àdúgbò. Ìdílé kan lè gbé ọmọ wọn tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ààfáà kó mu hàǹtú, kí wọ́n mú un lọ sí ilé àdúrà fún ààwẹ̀, kí wọ́n tún tọ oníṣègùn kan lọ lábúlé, kó tó di pé ẹnì kan dárúkọ Yaba Left, ìyẹn ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907. Àwọn fúnra wọn kò rí ìtakora kankan nínú èyí. Ibi tí wọ́n bá ní ọ̀nà wà ni wọ́n ń tọ̀.

Ìjọba náà ní ilé tirẹ̀ ní agbègbè yìí. Ní Májídùn, lẹ́bàá Òwútù ní Ìkòròdú, ni ilé ìtúnniṣe àti ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn alágbe àti àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n bá rí ní títì lọ. Ní Kétu-Ejìnrìn, ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dáwọ́ lé kíkọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ oníbùsùn 500. Iṣẹ́ ará wẹ́fíà ní ilé bíi ti Májídùn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òògùn. Orúkọ ló ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ìlú, lẹ́yìn náà ẹni tí aláìsàn lè rántí nílé.

Oníṣègùn ìbílẹ̀ kì í pe gbogbo àìsàn ọpọlọ ní orúkọ kan. Àsínwín ni ti ẹni tó ṣàdédé yí padà, tó ń sáré, tó ń pariwo. Abísínwín máa ń bá obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Dìndìnrìn ni ti ẹni tí òye rẹ̀ kò dàgbà pẹ̀lú ara rẹ̀. Wèrè aláṣọ ṣì ń wọṣọ, ó ṣì ń jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó súnmọ́ ọn nìkan ló mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Ọdẹ orí ni ti ẹni tí nǹkan ń rìn lágbárí rẹ̀, tí ooru ń mú un, tí àyà rẹ̀ ń já. Ní 1987, Roger Mákanjúọlá, dókítà ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn Yorùbá tó sọ pé ọdẹ orí ló ń ṣe wọ́n, ó sì rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn àti ìfòyà ló wà nídìí ọ̀ràn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ wọ̀nyí ń sọ bí àìsàn ṣe rí. Ohun tó ń sọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà pín in: ti ìran, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, àfiṣe, tí ọ̀tá fi ránṣẹ́, àti àfọwọ́fà, tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Lónìí, ẹni tó fa igbó tàbí èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní colos ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà sí oní-àfọwọ́fà, àánú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán lójú ará ilé. Àánú ẹni tí wọ́n fi ṣe máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní owó tirẹ̀: ìdílé tó gbà pé àfiṣe ni yóò wá ẹni tó fi ṣe é, ìyàwó bàbá tàbí àbúrò bàbá ni wọ́n sì sábà máa ń rí.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́. Ó jọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdílé ló jẹ́ jù. Ẹni tó rìn ní ìhòòhò gba ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ti kọjá ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè bò ó sí. Ojú ti tì wọ́n tán, wọn a sì dẹ́kun wíwá a. Tí òògùn kò bá ṣiṣẹ́ fún un lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìdí kan ni pé kò sí ẹni tí yóò fún un lóògùn náà mọ́. Ìgbàgbọ́ náà ń sọ ara rẹ̀ di òótọ́, ó sì yẹ kí olùṣèwádìí fi ojú yìí wò ó kó tó pè é ní àìmọ̀kan.

Nídìí gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orí wà. Ìtàn Ifá sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú, Orílèéḿèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọ́n mú orí tó dùn ún wò. Orí náà kò jinná, òjò sì fọ̀ ọ́ dànù lójú ọ̀nà ayé. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí bàbá rẹ̀ ti bá a dífá, tó sì bá Àjàlá san gbèsè tó jẹ, ni Àjàlá fúnra rẹ̀ bá yan èyí tó jinná. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń fà yọ ni pé olúkúlùkù ló yan ìpín rẹ̀, kó gbà á bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà gan-an kò fara mọ́ èyí. Àwọn tó yan orí burúkú kò mọ̀ pé kò dára, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí rẹ̀ tó jáde ní 1991, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: ṣé a lè pe ohun tí ènìyàn fi ojú dídì mú ní yíyàn? Bí kì í bá ṣe yíyàn, ẹ̀bi kò sí níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn náà tí wọn kì í sábà tọ́ka sí. Orí rere Afùwàpẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ifá bàbá rẹ̀, gbèsè tí wọ́n san àti ojú amọ̀kòkò ló para pọ̀ di orí náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ ẹlòmíràn ti wà lára orí ẹni.

Ìtàn Ọbàtálá fún ọ̀ràn náà ní èsì mìíràn. Òrìṣà tó mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ ènìyàn ni wọ́n fi ṣàlàyé afín, abuké àti arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n sì ń pè wọ́n. A kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tó bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ Ọbàtálá ló ń bú. A kì í sábà ka wèrè mọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ ṣòro láti mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n ó jọ pé nítorí wèrè máa ń dé lẹ́yìn tí ènìyàn ti wà láyé fún ìgbà díẹ̀ ni, tí ó sì ku àyè láti wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

Ẹ̀sìn méjèèjì tó wọlé lẹ́yìn náà ní ohun tó ṣe kedere láti sọ. Nínú Ìsìláàmù, hádíìsì kan tí gbogbo ààfáà mọ̀ sọ pé a ti gbé gègé ìkọ̀wé sókè kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ títí yóò fi padà bọ̀. A kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Àwọn ìlú Mùsùlùmí kò fi èyí mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu: ilé ìwòsàn ńlá tí Sultan Qalawun kọ́ sí Cairo ní 1284 ní àyè tirẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Nínú Ìhìn Rere Máàkù, orí karùn-ún, ọkùnrin kan ń gbé inú ibojì, wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè é títí, ó ń já a. Lẹ́yìn tí Jésù wò ó sàn, ó fẹ́ bá a lọ, Jésù kò gbà. Ó ní kó padà sílé sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti dúró lórí àwọn ẹ̀mí èṣù àti agbo ẹlẹ́dẹ̀. Ohun méjì tó kàn ará wẹ́fíà nínú ìtàn náà ni pé ẹ̀wọ̀n kò ṣiṣẹ́, àti pé ilé ni wọ́n dá ẹni tó sàn padà sí.

Ọ̀ràn ìran àti ohùn le ju èyí lọ. Nínú ìjọ aládùúrà, bíi Kérúbù àti Séráfù tí Moses Orímọládé dá sílẹ̀ ní 1925 tàbí Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run tí S. B. J. Oshoffa bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lè jẹ́ wòlíì. Ní yàrá dókítà, ìbéèrè bóyá ènìyàn ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi aláìsàn. Olùṣèwádìí tó bá gbé ìwé ìbéèrè òyìnbó wọ Ìkòròdú láìronú yóò ka gbogbo àwọn aríran sí aláìsàn. Ẹni tó bá sì bẹ̀rù láti ṣẹ ìjọ yóò fi aláìsàn gidi sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ sùtánà. Òṣìṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú rí mọ ibi tí ìyàtọ̀ wà. Nínú ìjọ, ìran ní àkókò àti ètò tirẹ̀: ẹ̀mí gun aríran, akọ̀wé kọ ohun tó sọ sílẹ̀, àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè ní kì í ṣe ti Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìsìn, aríran padà di ìyá ọlọ́jà tó ń ta ẹja rẹ̀. Ohùn àìsàn kò gba ìyẹ̀wò, kì í dákẹ́ nígbà tí ìsìn bá parí, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn tajà. Ìdánwò náà wà nínú bí ẹni náà àti àwọn tó yí i ká ṣe ń bá ohùn náà gbé, èyí tí kò ṣeé mọ̀ láti inú ìbéèrè kan ṣoṣo.

Àwọn kan ti fìgbà kan rí sọ pé ọmọ Áfíríkà kò ní orí tirẹ̀ tí ìbéèrè yìí yóò fi kàn án. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, dókítà kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Kenya. Ó fi ìrònú ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ gé iwájú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ní ìbànújẹ́ ọkàn tó le ṣọ̀wọ́n láàárín wọn, torí pé ẹbí àti àṣà ti ru ẹrù ìrònú kúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó gbọ́ pé ẹbí ń bá ènìyàn ru ẹrù, ó wá rò pé ènìyàn náà kò ní ẹrù. Àwọn tó ní àròkàn, tó ní inú tó bàjẹ́ àti ìrònú tí kì í jẹ́ kí oorun wá, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn bí a ṣe ń dá jìyà láàárín èrò.

Ẹni tó fi iṣẹ́ dá Carothers lóhùn ni Thomas Adéoyè Lambo. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní March 29, 1923. Ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ ti ọpọlọ ní Maudsley ní London, ó sì padà wálé láti di olórí ilé ìwòsàn Arò ní 1954. Ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti wà ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta láti 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú ń ti ojú ogun bọ̀; ó jọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ. Arò tuntun kò tíì parí nígbà tí Lambo dé. Kò dúró dè é. Ó lọ bá àwọn baálé abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gba owó ilé lórí wọn. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó láti fi yàrá kún ilé wọn, ó tún bá wọn ṣètò omi àti ìmọ́tótó. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ẹnì kan wá nínú ẹbí rẹ̀, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa bá a rìn lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n padà sí abúlé. Aláìsàn tó bá lágbára a máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú ètò náà pẹ̀lú, wọ́n ń ṣe ètùtù àti ìpàdé, dókítà sì ń ṣọ́ òògùn tí wọ́n ń lò.

Kì í ṣe àánú lásán ló mú Lambo gba àwọn oníṣègùn náà. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò láti 1957 sí 1959, lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó sì kọ̀wé lórí ìlànà wọn. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí wọ́n ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún wèrè tó ń jà, jẹ́ ìbátan igi ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ti rí òògùn reserpine nínú rẹ̀ ní 1952, tí àwọn ilé ìwòsàn òyìnbó sì ń lò fún àìsàn kan náà nígbà yẹn. Àwọn oníṣègùn náà mọ̀ pé ó ń mú aláìsàn sùn. Bí ó ṣe lè rẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ títí tí ẹ̀mí yóò fi wà nínú ewu, dókítà ló níṣẹ́ ìyẹn.

Wọ́n sábà máa ń fi Arò wé Gheel ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìlú tí àwọn ará rẹ̀ ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ayé àtijọ́ ní orúkọ Dymphna Mímọ́. Àfiwé náà kò péye tó. Àlejò ni aláìsàn ní Gheel, ilé ẹni tí kò bá a tan ló ń gbé. Ní Arò, ẹbí rẹ̀ ló bá a wá, abúlé sì gba àwọn méjèèjì. Ohun tí Lambo ń tọ́jú ju agbárí kan lọ: okùn tó so aláìsàn mọ́ ilé rẹ̀ ni kò fẹ́ kó já. Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ gbé Arò fún oṣù mẹ́ta ti rí bí ó ṣe burú tó, ó ti rí i nígbà tó ń dára, ó sì mọ òògùn tó ń lò. Nígbà tí wọ́n bá padà sílé, kò ní í sọ pé wèrè tó wọ ọjà ni.

Ìwádìí tẹ̀ lé iṣẹ́ náà. Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ni wọ́n ṣáájú àwọn tó lọ yẹ àwọn ará abúlé kan àti apá kan Abẹ́òkúta wò ní 1961. Ìwé wọn, Psychiatric Disorder among the Yoruba, jáde ní 1963. Wọ́n rí àwọn àmì ìbànújẹ́ ọkàn láàárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí àìsàn kan. Ọ̀rọ̀ Carothers kò tún fìdí múlẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ lé àwọn tó ní schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé, Ìbàdàn wà lára wọn pẹ̀lú London, Moscow àti Washington. Lẹ́yìn ọdún méjì àti ọdún márùn-ún, àwọn ará Ìbàdàn wà lára àwọn tó gbádùn jù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń ṣe iyèméjì sí èsì náà fúnra rẹ̀. Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973, ó wà nípò náà títí di 1988, ó sì kú ní 2004. Ètò abúlé náà rọ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣòro kí ìyàwó tó ń tajà ní Èkó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ó yẹ kí ẹni tó bá ń yin ẹbí tún wo ọwọ́ kejì rẹ̀. Ní November 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibi 28 tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n rí àwọn tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ lẹ́sẹ̀, àwọn tí wọ́n ń nà, àwọn tí wọ́n ń fi ebi pa lórúkọ ààwẹ̀. Ilé ìbílẹ̀, ilé Mùsùlùmí, ilé Kristẹni àti ti ìjọba wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀yà kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tán. Ẹbí ló sì sábà ń gbé wọn lọ síbẹ̀. Ìfẹ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ó ti sú wọn. Ìwádìí tí Oyè Gúréjẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 2006, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 4,984 lẹ́nu wò, sọ pé ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní àìsàn ọpọlọ kan rí láyé wọn, àti pé nínú àwọn tó ní in ní ọdún tó kọjá, bí ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú. Ẹni tí ìtìjú bá kò ní í jẹ́wọ́ fún àlejò tó gbé bírò lọ́wọ́, nítorí náà iye gidi lè ju èyí lọ.

Ìdáhùn tí Gúréjẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò lẹ́yìn náà rántí Arò. Ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n ní kí àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré máa lọ bá aláìsàn nílé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti nílé àdúrà, kí wọ́n fún un ní òògùn níbẹ̀, láìlé oníṣègùn tàbí wòlíì kúrò. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2020. Nínú àwọn 307 tí wọ́n tẹ̀ lé, ara àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn yòókù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ̀wọ̀n àti lílù sì dín kù ní ìhà méjèèjì. Ohun tó yẹ kí ará Ìkòròdú fi sọ́kàn nínú rẹ̀ ni pé wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù kó tó rí òògùn gbà.

Òfin pẹ́ kó tó dé ibi tí ìmọ̀ ti dé. Òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916 ló ṣì wà nílẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe 1958, títí Ààrẹ Buhari fi fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní January 2023. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú ìpinnu lórí ìtọ́jú rẹ̀. Lórí ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn àpapọ̀ lè rán an lẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ọkùnrin kan náà lè jẹ́ aláìsàn ní Ìkòròdú, kó jẹ́ ọ̀daràn bó bá sọdá ààlà sí Ṣágámù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, òfin 1983 fi agbára sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ kí dókítà má bàa nìkan pinnu ẹni tí wọn yóò fi ipá dá dúró. Èrò tó dára ni: ojú kejì tó ń wo ilé àti ayé ènìyàn yàtọ̀ sí ojú tó ń wo àmì àìsàn. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé wọ́n ń dá àwọn aláwọ̀ dúdú dúró lábẹ́ òfin yẹn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Ìlànà iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì wa ti òkè òkun wá. Ìwé Mary Richmond tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1917 wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìlànà náà ń kọ́ òṣìṣẹ́ pé aláìsàn ló ń pinnu fún ara rẹ̀, pé àṣírí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde. Ní Ẹ̀pẹ́, bàbá tó ta ilẹ̀ kó tó rí owó ìwòsàn ọmọ rẹ̀ san yóò béèrè ohun tí ọmọ náà sọ. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ìlànà dá a lóhùn lásán, àfojúdi ni bàbá náà yóò kà á sí, kò sì ní í mú ọmọ náà padà wá mọ́. Bí ó bá sọ gbogbo rẹ̀, ọmọ náà kò ní í la ẹnu mọ́. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ bi aláìsàn ṣáájú èyí tí bàbá lè gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́, kó sì jẹ́ kí aláìsàn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Agbo ilé ló ni ìtọ́jú, ìnáwó àti ìṣọ́ni; ohun tí ènìyàn rí nínú òkùnkùn orí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kódà nígbà tí kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Ará ilé àti òṣìṣẹ́ a máa gbàgbé èyí, kì í ṣe ní ti àṣírí nìkan. Nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń sọ fún bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún pé "dìde, wá jẹun", láìlo "ẹ", ti gba ipò àgbà lọ́wọ́ bàbá náà kí dókítà tó sọ ohunkóhun nípa ọpọlọ rẹ̀. Àìsàn kò sọ àgbà di ọmọdé.

Ìfọwọ́sí fún ìwádìí ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi, ní èdè tó yé e, kó tó kan ẹbí. Bí orí rẹ̀ kò bá pé ní ọjọ́ náà, òbí tàbí ẹ̀gbọ́n lè fọwọ́ sí i fún un, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí yẹn kì í ṣe títí láé. Bí ara rẹ̀ bá yá, wọn yóò padà lọ bi òun fúnra rẹ̀. Bó bá sì ní òun kò ṣe mọ́, wọn yóò yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìwádìí, ìtọ́jú rẹ̀ yóò sì máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.